Ẹ́ńjìnnì Ìgégi Tí Mo Gbé Lọ sí Àjàṣẹ́

Ìjì òjò ló wó igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, ní ọdún kejì lẹ́yìn ikú ọkọ mi. Kò wó lu ilé, kò wó lu ẹnikẹ́ni. Ó kàn sùn gbalaja láàárín ọgbà, ó sì dí ọ̀nà tí mò ń gbà lọ sídìí ààrò tí mo ti ń se irú. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà, irú sísè ni mo fi ń gbọ́ bùkátà ara mi. Irú kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi gáàsì sè. Láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀ ni iná gbọ́dọ̀ máa jó lábẹ́ ìkòkò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eèpo rẹ̀ kò ní í bó. Mò ń ra igi ìdáná lọ́wọ́ àwọn ará Òkè-Onígbìn tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé e wá sí Ọ̀mù-Àrán, igi ńlá sì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé mi, mi ò rí nǹkan fi gé e.

Kì í ṣe pé kò sí ẹ́ńjìnnì ìgégi nílé. Ó wà, ti ọkọ mi ni. Ọkọ mi bá àwọn agégi rìn nígbà èwe rẹ̀ kó tó fìdí kalẹ̀ sídìí iṣẹ́ àgbẹ̀, kò sì sí irú igi tí kò lè gé. Àyìn tó le bí irin, ó máa là á wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹni ń la iṣu. Tòkunbọ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà, ó rà á nígbà tí àbíkẹ́yìn wa ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ náà sì ti parí yunifásítì báyìí. Tó bá lò ó tán, á jókòó, á fi aṣọ nu gbogbo ara rẹ̀, á fi fáìlì pọ́n eyín ṣéènì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án. Èmi gan-an, mi ò fọwọ́ kàn án rí.

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Kò sí ohun tó ní wáyà tàbí ẹ́ńjìnnì tí kò ní í sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Òun ni mo bẹ̀ pé kó bá mi gé igi máńgòrò náà. Ó pọ ọ́ìlì mọ́ epo, ó fa okùn ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì náà bú, ó ń ké tantan. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e lé igi, kò wọlé. Èéfín ló ń rú. Ọkùnrin náà fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ tì í, ojú igi kàn ń dúdú bí ìgbà tí iná bá jó o, òórùn jíjó sì gba gbogbo ọgbà. Ó pa á, ó nu òógùn ojú rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "wọ́n ti yọ inú ẹ́ńjìnnì yìí."

"Báwo ni wọ́n ṣe yọ ọ́?"

"Ẹ ò gbọ́ ariwo rẹ̀ ni? Ariwo lásán ni, kò sí agbára ńbẹ̀. Ẹnì kan ti yọ ojúlówó inú rẹ̀, ó ti fi ayédèrú dí i. Ta ló lò ó kẹ́yìn?"

Mo ti mọ ẹni tó lò ó kẹ́yìn. Àbúrò ọkọ mi ni, èyí tó ń gbé ní Arandun. Ó fi bí ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé wọn ni mo ti ń pè é ní Ọkọ Mi Kékeré, torí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé. Ó yá ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti fi ṣán oko tuntun, ó sì tó oṣù mẹ́ta kó tó dá a padà. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tó dá a padà, mo lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, ẹ́ńjìnnì ti wà ní yàrá ìkẹ́rùsí, ọkọ mi sì ti sùn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà la gbé ọkọ mi lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin, kò sì bá wa padà bọ̀.

Mi ò ní í purọ́, ẹni tó máa ń fura ni mí. Iṣẹ́ tíṣà ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀, mo máa ń wá ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn nǹkan tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ tí mi ò sí nílé ló yàn láti dá a padà? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé nígbà ìsìnkú, bí mo ṣe dárúkọ àwọn ẹrù ọkọ mi, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé iṣu wá fún mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Orúnkún kan ni mo fi kí i. Mi ò bu omi fún un.

"Ọkọ Mi Kékeré," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ́ńjìnnì tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín, ṣé òun náà lẹ dá padà?"

Ó wò mí. "Báwo?"

"Ìta rẹ̀ ni mo dá mọ̀. Inú rẹ̀ ni mò ń béèrè."

Ó la ẹnu. Mo rí i kedere pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá pa ẹnu náà dé. Ó rọra to iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Ìyàwó wa, ó dàárọ̀ o," bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Lójú mi, ẹni tó jẹ̀bi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yẹ iṣu náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ki èyí tó jẹrà bọ àárín wọn. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ìyẹn gan-an tún mú mi fura sí i: kí ló ń wá tó fi ṣa iṣu tó dára tó báyẹn? Oṣù méjì kọjá lẹ́yìn ìyẹn, kò yọjú.

Mo pinnu pé màá ra ẹ́ńjìnnì tèmi. Mo fẹ́ èyí tí yóò pẹ́, tí mi ò ní í máa gbé kiri ilé mẹkáníìkì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kiri, ìmọ̀ràn sì ń wọlé láti ọ̀tún àti òsì. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní kí n ra tuntun, kí n má fojú kan tòkunbọ̀. Agégi kan tí mo bá pàdé ní ojú títì ní tòkunbọ̀ ni kí n rà, kí n má fojú kan tuntun, torí àwọn tuntun òde òní, ike ló kún inú wọn. Ó tún ní òun lè bá mi lọ yan èyí tó dára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ẹ̀bùn wo lọ́lọ́jà ti ṣèlérí fún ọ? Mi ò bá ẹnikẹ́ni lọ. Mo ki ẹ́ńjìnnì ọkọ mi bọ inú àpò ìrẹsì, torí mo gbọ́ pé àwọn ọlọ́jà kan máa ń gba èyí tó bàjẹ́, kí èèyàn wá fi owó díẹ̀ lé e. Mo wọ mọ́tò lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ọkùnrin tó ni ín rọ̀ lóhùn, ohùn Ìlọrin ló fi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ohun tí mo wá rà.

"Mọ̀mí, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Èyí tó máa bá yín kalẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi."

Ó gbé tuntun kan jáde nínú páálí. Ó ń dán. Mo gbé e, ó fúyẹ́ bí ike ìpọnmi. Mo wo orúkọ tó wà lára páálí, mo wo èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Lẹ́tà kan yàtọ̀. Tíṣà ni mí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í fò mí lójú.

"Kí ló dé tí orúkọ méjèèjì kò fi rí bákan náà?"

Ó gbà á lọ́wọ́ mi kíákíá. "Àṣìṣe àwọn tó tẹ páálí ni, mọ̀mí. Ọjà náà kò ní í dà yín."

"Ẹ gbé òmíràn wá."

Ó gbé tòkunbọ̀ jáde. Ó ní láti Jámánì ló ti dé, wọn ò tíì tú u rí. Mo tẹ ojú mọ́ ọn. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún, ọ̀dà náà sì ti ṣàn wọ ojú àwọn síkúrù. Àwọn síkúrù kan tilẹ̀ ti bó lójú. Ohun tí wọn ò tú rí, ta ló bó ojú síkúrù rẹ̀? Mi ò bi í. Mo kàn tì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà sì mọ ìdí tí mo fi tì í.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá gbé ọ̀kan tó wúwo jáde láti ẹ̀yìn. Kò dán. Ó tan án níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e lé pákó kan tó wà nílẹ̀, ó sì gé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́búlẹ́bú igi funfun ń tú sílẹ̀ bí gààrí. Mo ní kó pa á. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wo ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mò ń wá gan-an. Mo kàn ń wá ibi tí ẹ̀tàn rẹ̀ fi ara pamọ́ sí.

Nígbà tí mo ń wò ó lọ́wọ́, ọkùnrin náà ti fa ẹnu àpò ìrẹsì mi ṣí. Mo gbójú sókè díẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ń wo ẹ́ńjìnnì ọkọ mi bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Ó fi ìka kan rọra tọ ara ṣéènì rẹ̀ lọ. Kí n tó dìde, ó ti dá ẹ̀rín náà padà sójú.

"Mọ̀mí, ti tẹ́lẹ̀ yín nìyí? Inú rẹ̀ ti jó. Irin lásán ni. Ṣùgbọ́n nítorí yín, ẹ fi í sílẹ̀, màá gbà á lórí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà."

"Tó bá jẹ́ irin lásán ni, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n lè ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ ò ní í rí ẹni tó máa gbà á."

Ara fu mí. Mo ti rí ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ rí, wọn kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Mo fa àpò mi mọ́ra, mo gbé ẹ́ńjìnnì náà jáde, mo gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé pákó. Mo wo èyí, mo wo ìyẹn. Níbẹ̀ ni mo ti rí i. Lára tirẹ̀, àwọn eyín ṣéènì tó wà lókè kọjú síwájú, wọ́n ń wo orí irin gbọọrọ tí ṣéènì ń sáré lé. Lára tèmi, ẹ̀yìn ni wọ́n kọjú sí, wọ́n ń wo ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó fi ṣéènì náà sí i yí i sódì. Ẹ̀yìn eyín ni ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe fi ń ha igi lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin yìí rí ohun tí mo rí. Mo bi í wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Eyín ṣéènì yìí, ibo ló yẹ kó kọjú sí?"

"Ibi tó bá wù ú, mọ̀mí," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ ló ń gé."

Mo di ẹnu àpò mi. Ó tẹ̀ lé mi jáde, ó ń fi kún iye tó fẹ́ gbà á, ó tẹ̀ lé mi títí débi tí mo ti wọ mọ́tò. Mi ò wẹ̀yìn.

Nínú mọ́tò, inú mi kọ́kọ́ ń dùn bí ẹni tó mú olè. Nígbà tó yá, inú dídùn náà lọ. Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní àbùkù kankan. Kò sẹ́ni tó yọ inú rẹ̀. Ta ló wá yí ṣéènì rẹ̀ sódì? Mo tún gbé e lé àbúrò ọkọ mi lórí: bóyá òun ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí n lè rò pé ó ti bàjẹ́, kí n sì ní kó máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò dúró. Oṣù mẹ́ta ló fi lò ó, ì bá ti gbé e lọ pátápátá bó bá fẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Arandun. Mo bá a lábẹ́ igi kaṣú níwájú ilé rẹ̀, ó ń ki ọkọ́ bọ eèkù tuntun. Ó rí àpò tó wà lọ́wọ́ mi, ó gbé ọkọ́ náà sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún mi méjèèjì.

"Dìde, ìyàwó wa," ó ní. "Iyanrìn wà níbẹ̀."

"Ṣéènì ni wọ́n yí sódì," mo ní. "Kò sí nǹkan tó ṣe inú rẹ̀. Mo wá bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n mo tún wá béèrè ẹni tó yí i."

Ó wọlé, ó mú sípánà jáde. Kò kánjú. Ó tú nọ́ọ̀tì méjì, ó ṣí ìbòrí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ ṣéènì, ó yí i padà, ó so ó le. Ó tan án, ó gbé e lé ìtì àyìn kan tó wà nítòsí. Ó wọ inú igi náà lọ wẹ́rẹ́. Ó pa á, ó jókòó tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ó ní.

Mo ní irọ́ ni. Ẹnu mi ló yá jù mí lọ. Ọkọ mi, tó mọ ẹ́ńjìnnì yìí bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀?

"Lọ́jọ́ tí mo dá a padà, ó ní òun fẹ́ fi ṣéènì tuntun sí i. Mo ní kí n bá a ṣe é, ó ní rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbogbo ọ̀sán ló fi ṣe é, ohun tí kì í gbà á ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Nígbà tó parí, ó bi mí pé, 'Ṣé ó dáa?' Mo wò ó, mo rí i pé ó ti yí i sódì. Mo ní ó dáa."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"O ò rí ojú tó fi bi mí. Mo ní lọ́kàn mi pé màá padà wá lọ́jọ́ tí kò ní í sí níbẹ̀, kí n tún un ṣe. Kí n tó padà wá, ẹ ti gbé e lọ sí Ìlọrin. Lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò rí ojú béèrè ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ rẹ."

Lójijì ni àwọn ìwà ọkọ mi nínú ọdún tó gbẹ̀yìn ń tò síwájú mi. Ẹ̀wù tó wọ̀ sódì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo fà á létí ní ẹnu ọ̀nà pé kó padà lọ yí i. Iyọ̀ tó bù sínú tíì dípò ṣúgà, tó sì mu ún tán láìsọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó dúró lójú ọ̀nà tó lọ sílé wa, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, tó ní òun ń dúró de ẹnì kan. Mo rò pé àgbà ló ń dé. Èmi tí mò ń fura sí gbogbo ayé, mi ò fura sí ìyẹn.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé iṣu wá," mo ní.

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wò ọ́, mo mọ̀ pé tí mo bá ní ẹ̀gbọ́n mi ni, wàá ní mò ń purọ́ mọ́ òkú."

Òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ǹ bá sọ.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi jáde, lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀bà. Mo jẹun níbẹ̀, ohun tí mi ò ṣe láti ìgbà ìsìnkú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló wá sí Ọ̀mù-Àrán, ó fi ọjọ́ méjì gé igi máńgòrò náà, ó sì tò ó sábẹ́ páànù kí òjò má baà pa á. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe gbọ́ ariwo, ó yọrí lókè ògiri.

"Tíṣà, ẹ ti ra tuntun? Mo ní tuntun ló dáa!"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó dà bíi pé inú rẹ̀ dùn, ó sì lọ.

Mo ní kí Ọkọ Mi Kékeré kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ṣéènì sí i. Ó rò pé àwàdà ni, nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó kọ́ mi. Mo lè ṣe é fúnra mi báyìí. Ó ṣì ń gbé iṣu wá, mo sì ń fi orúnkún méjèèjì kí i. Tí ó bá lọ tán, mo ṣì máa ń yẹ iṣu náà wò. Mi ò lè yí ìyẹn padà mọ́.

Ohun kan ni mo bi í lẹ́yìn ìgbà tó gé igi náà tán, tí a jókòó sórí ìtì tó kù. Ọkọ mi kì í bi ẹnikẹ́ni pé ṣé iṣẹ́ òun dáa. Ní gbogbo ọdún tí mo fi bá a gbé, mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ tó bi yín yẹn, ṣé ẹ rò pé ó mọ̀ pé òun ti yí i sódì?"

Ó ń fi ọwọ́ gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, ìyàwó wa," ó ní. "Mo ti rò ó títí."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. A dìde, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi tó kù wọ abẹ́ páànù, torí òjò ti ń ṣú láti ọ̀nà Ẹ̀ṣìẹ́.